Ọṣẹ Kì Í Wẹ Inú

Ní Ìbàfò, kí ọ̀nà ńlá tó gba ibẹ̀ kọjá, bí àlejò bá ń wá ilé Mùtàlíbù, wọ́n á ní kó máa gbóòórùn lọ. Òórùn àdí tó ń hó lórí iná ni wọ́n ń sọ. Sùwéébátù, ìyàwó Mùtàlíbù, ló ń se ọṣẹ dúdú ní ẹ̀yìnkùlé, iṣẹ́ náà kò sì ṣeé fi pamọ́. Ọmọ Ìfọ̀ ni, Mùtàlíbù ló fẹ́ ẹ wá sí Ìbàfò. Ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ níṣẹ́ náà, ìyá ìyá rẹ̀ ló sì kọ́ ìyá rẹ̀.

Èèpo kókó ni Sùwéébátù fi ń ṣe eérú, òun àti ìdì ẹyìn tí wọ́n ti ṣa ọmọ rẹ̀ kúrò. Ó máa ń sá wọn sóòrùn títí wọn yóò fi gbẹ kanrangandan, kó tó sun wọ́n. Bí eérú bá tutù, á kó o sínú àjẹ̀rẹ̀, ìkòkò tó lu nídìí, á bu omi lé e, omi náà á sì máa kán díẹ̀díẹ̀ sínú ìkòkò tó wà nísàlẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ á dà bíi ti tíì tí wọn kò bu mílíìkì sí. Á tọ́ ọ wò lórí ahọ́n. Bí kò bá ta ahọ́n tó, á tún un sẹ́. Bó bá ta jù, á bu omi là á. Lẹ́yìn ìyẹn ni yóò gbé àdí kaná, tí yóò máa da omi eérú náà sí i, tí yóò sì máa rò ó títí apá rẹ̀ yóò fi kú, títí ọṣẹ yóò fi dì, tí yóò léfòó.

Omi eérú burú. Bó bá ta síni lára, ńṣe ló ń bó awọ. Ọwọ́ Sùwéébátù kún fún àpá, ọwọ́ náà sì le bí èèpo igi. Ẹni tó bá rí ọwọ́ yẹn kò ní gbà pé ọṣẹ tó ti ibẹ̀ jáde ni àwọn ìyá ọlọ́mọ ń fi wẹ ọmọ tuntun. Ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ ló rí. Ọmọ tí kúrúnà bò, ọmọ tí lápálápá gba orí rẹ̀, ọmọge tí ìrorẹ́ kò jẹ́ kó gbójú sókè láàárín ẹgbẹ́, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń wá. Àwọn ará Mòwé ń wá, àwọn kan sì ń ti Owódé Ẹ̀gbá wá.

Sùwéébátù kì í polówó púpọ̀. Bí wọ́n bá bi í pé kí ni ọṣẹ náà ń ṣe, ó máa ń ní, "Ó ń wẹ ìdọ̀tí kúrò, kì í sì í bó ara. Bí ìdọ̀tí bá ti kúrò, ara mọ bó ṣe ń wo ara rẹ̀ sàn. Ẹ fi òrí pa á tẹ́ ẹ bá wẹ̀ tán, kó má baà gbẹ." Kò ní ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni, kì í rẹ́rìn-ín púpọ̀, ọ̀pọ̀ ló sì rò pé ó máa ń bínú. Ọmọkùnrin kan ṣoṣo ló bí, Ṣàràfá, tó ti lọ kọ́ iṣẹ́ aṣọ rírán l'Ékòó, tí kì í fi bẹ́ẹ̀ wá sílé.

Ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í la ọ̀nà tó ti Èkó lọ sí Ìbàdàn ni nǹkan yí padà. Ilé-iṣẹ́ àwọn òyìnbó tó ń la ọ̀nà náà gba àwọn ọkùnrin agbègbè síṣẹ́, wọ́n sì gba Mùtàlíbù, nítorí ó ti wa ọkọ̀ agbégẹdú rí. Wọ́n kọ́ ọ ní wíwa katapílà. Láàárín oṣù mélòó kan, ó ti di ẹni tó ń wọ bàtà aláwọ tó ga dé ojúgun, tó ń gbé rédíò kiri. Oko kókó àti àwọn ọ̀pẹ tí Sùwéébátù ti ń rí eérú wà lójú ibi tí ọ̀nà yóò gbà. Lọ́jọ́ tí wọ́n wó wọn, Sùwéébátù dúró létí oko pẹ̀lú agbọ̀n rẹ̀, ó ń wo bí àwọn igi náà ṣe ń dojú bolẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ló wà lórí katapílà. Mùtàlíbù rí i, ó gbọ́wọ́ sókè kí i. Inú rẹ̀ dùn sí iṣẹ́ rẹ̀, kò sì mọ ohun tí ìyàwó òun ń wò.

Kò pẹ́ sí i ló fẹ́ ìyàwó kejì. Hàfísátù lorúkọ ọmọ náà, ará Akútè ni. Ìyá rẹ̀, Ọmọ́títí, ń ta aṣọ níbẹ̀. Hàfísátù kéré sí Sùwéébátù púpọ̀, ó lẹ́wà, ó sì pupa. Pupa yìí ni gbogbo Ìbàfò ń sọ. Ìyá Àgbà, ìyá Mùtàlíbù, arúgbó tí ojú rẹ̀ kò ríran tó mọ́, pè é sún mọ́ra, ó fọwọ́ pa á lójú, ó ní, "Ọmọ pupa dé inú ilé wa. Ọlọ́un ṣeun."

Ṣùgbọ́n Sùwéébátù, tó jẹ́ pé ara ènìyàn ló ti ń wò láti kékeré, rí ohun tí àwọn yòókù kò rí. Nígbà tí ìyàwó kúnlẹ̀ kí i, tó na ọwọ́ méjèèjì láti gba omi, Sùwéébátù wo oríkèé ìka rẹ̀. Wọ́n dúdú. Ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ náà dúdú. Ó mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé kì í ṣe báyìí ni Ọlọ́run ṣe dá ọmọ náà. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ọṣẹ òyìnbó ló ń ṣe é, ọṣẹ kan tí wọ́n fi bébà tó ń dán wé, tí wọ́n ya àwòrán obìnrin aláwọ̀ funfun sí lára. Ó ń ta sánsán. Hàfísátù á fi wẹ̀, á fi ìpara kan láti inú ike kékeré pa ara. Mùtàlíbù fúnra rẹ̀ ló ń rà á wá láti Èkó, bó bá ti rí i pé ó tán, á tún mú òmíràn dé. Àkókò tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba gba owó Údójì, àfikún owó oṣù ńlá yẹn, ni, ọjà òkèèrè sì kún gbogbo ìsọ̀. Àwọn obìnrin Ìbàfò bẹ̀rẹ̀ sí í wá sọ́dọ̀ Hàfísátù láti gbóòórùn ọṣẹ rẹ̀, láti bi í léèrè ibi tí wọ́n ti ń tà á. Wọ́n á kọjá lára àdí tó ń hó lórí iná, wọ́n á kí Sùwéébátù pé ó kú iṣẹ́, wọ́n á wọlé sọ́dọ̀ ìyàwó.

Ọṣẹ dúdú bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́ nínú agbọ̀n. Àwọn àgbàlagbà ṣì ń rà á. Àwọn ọ̀dọ́ ní òórùn rẹ̀ kò dára, pé ó ń jọ nǹkan ará oko.

Lọ́jọ́ kan, Mùtàlíbù ń jẹun, ó wo Sùwéébátù lójú, ó ní, "Ìyá Ṣàràfá, ìwọ náà kò ṣe mú nínú ọṣẹ Hàfísátù wò? Ó ń mú ara jọ̀lọ̀."

Kò fi bá a wí. Bí ẹni ń sọ pé kó mú ẹran kún oúnjẹ ló ṣe sọ ọ́. Sùwéébátù kó àwo kúrò níwájú rẹ̀, ó ní, "Mo gbọ́, Bàbá Ṣàràfá." Nígbà tó dé ẹ̀yìnkùlé, ó jókòó ti ìkòkò rẹ̀, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ títí. Láti ọjọ́ náà lọ, bí ọkọ rẹ̀ bá wọlé, ó máa ń fi ọwọ́ pamọ́ sábẹ́ ìró.

Síbẹ̀, ó kìlọ̀ fún Hàfísátù lẹ́ẹ̀kan. Ó ti rí i pé bí ọmọ náà bá jáde sóòrùn, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ máa ń pọ́n bí ẹni tí wọ́n gbá létí, àwọn iṣan tín-ín-rín sì ti ń hàn lábẹ́ awọ. Ó pè é sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Hàfísátù, ọṣẹ yẹn ń bó ọ. Kì í ṣe pé ó ń wẹ̀ ọ́. Awọ ara ni aṣọ tí Ọlọ́run dá fún wa; bí ó bá fẹ́lẹ́ jù, ohun gbogbo ni yóò máa gbà á wọlé."

Hàfísátù kúnlẹ̀, ó fetí sílẹ̀. Nígbà tí Sùwéébátù dákẹ́, ó ní, "Ìyáálé, ẹ má bínú o. Ṣé kì í ṣe nítorí pé àwọn oníbàárà yín ti dín kù ni ẹ ṣe ń sọ báyìí?"

Bóyá ọmọdé ló ń ṣe é. Bóyá ó fẹ́ mọ̀ ní tòótọ́. Sùwéébátù padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Ó sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé òun ti ṣe èyí tí ó kan òun. Nígbà tó yá tí awọ Hàfísátù bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́, tí dúdú ń yọ gátagàta ní ọrùn rẹ̀ àti lábẹ́ ojú, Sùwéébátù rí i kí ẹnikẹ́ni tó rí i. Inú rẹ̀ dùn díẹ̀. Ó mọ̀ pé inú òun dùn, kò sì lé ìdùnnú náà lọ.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí oòrùn mú gan-an, Hàfísátù wá sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Ó fi ìborùn bo ọrùn àti apá. Ó kúnlẹ̀ síbẹ̀.

"Ìyáálé, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ bá mi bù díẹ̀ nínú ọṣẹ dúdú yín. Ara ń yún mi. Bí mo bá họ ọ́, ẹ̀jẹ̀ ló ń yọ. N kò sùn lánàá."

Ó ṣí ìborùn náà kí ìyáálé rẹ̀ lè rí i. Awọ náà ti pupa, ó ti dúdú, ó ti bó níbìkan bí ìgbà tí omi gbígbóná dà síni lára. Sùwéébátù wò ó. Ó mọ ohun tí ó yẹ kó ṣe. Ó ti ṣe é fún ọmọ ọlọ́mọ láìmọye ìgbà.

"Ọṣẹ ti tán," ló wí.

Agbọ̀n ọṣẹ wà lẹ́yìn rẹ̀, ewé tútù ló bò ó lórí.

Hàfísátù kò dìde bọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹ ṣeun, Ìyáálé," ó fi ìborùn bo ọrùn rẹ̀, ó sì lọ.

Sùwéébátù ń retí pé yóò padà wá. Ó ti pinnu pé bó bá padà wá, òun yóò fún un. Ṣùgbọ́n Hàfísátù kò wá mọ́. Ó gbìyànjú láti dá ọṣẹ òyìnbó náà dúró fúnra rẹ̀, ara rẹ̀ wá dúdú lójú kan, ó pupa lójú kejì, Mùtàlíbù sì bi í pé kí ló dé tí kò tọ́jú ara rẹ̀ mọ́. Ló bá tún bẹ̀rẹ̀, ó tilẹ̀ ń lò ó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, ojú rẹ̀ wú. Bó bá jí láàárọ̀, ipéǹpéjú rẹ̀ kì í là dáadáa. Ẹsẹ̀ rẹ̀ náà wú. Bí wọ́n bá fi ìka tẹ̀ ẹ́, ihò ni yóò kù síbẹ̀. Ìyá Àgbà ní oyún ni, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàdúrà fún ọmọ. Kì í ṣe oyún. Ikùn náà ń yọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n omi ló wà níbẹ̀.

Mùtàlíbù kò sí nílé. Iṣẹ́ ọ̀nà ti gbé wọn lọ sí apá Ògèrè, ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ló ń wálé. Sùwéébátù ló di Hàfísátù lọ́wọ́ mú wọ mọ́tò lọ sí ọsibítù kan l'Ábẹ́òkúta. Kí wọ́n tó kúrò nílé, ó wọ yàrá ìyàwó, ó mú ọṣẹ kan pẹ̀lú bébà rẹ̀, ó dì í sí etí ìró. Kò sí ẹni tó ní kó mú un.

Dókítà tó rí wọn jẹ́ ọkùnrin tí kì í sọ̀rọ̀ sókè. Wọ́n ní kí Hàfísátù tọ̀ sínú ìgò, ìtọ̀ náà sì ń hó bí omi ọṣẹ. Dókítà bi í léèrè ohun tó ń jẹ, ohun tó ń mu, lẹ́yìn náà ó wo ìka ọwọ́ rẹ̀, ó bi í pé kí ló ń fi pa ara. Hàfísátù wolẹ̀. Sùwéébátù tú etí ìró rẹ̀, ó gbé ọṣẹ náà lé orí tábìlì.

Dókítà ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára, ó fi í sílẹ̀. "Nǹkan kan wà nínú irú ọṣẹ yìí," ló wí. "Òun ló ń mú ara pupa. Kì í dúró sójú awọ, ó ń wọ inú ẹ̀jẹ̀. Kíndìnrín rẹ̀ ló ń bàjẹ́."

"Ṣé yóò sàn, Dókítà?" ni Sùwéébátù béèrè.

"A óò fún un lóògùn. Kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ọṣẹ yìí mọ́. Ìbá dára ká ní ẹ ti tètè wá."

Sùwéébátù kò gbọ́ ohun tó sọ lẹ́yìn ìyẹn. Nínú mọ́tò tí wọ́n wọ̀ padà, Hàfísátù gbé orí lé e léjìká, ó sùn lọ. Sùwéébátù jókòó gbọnrangandan, kò fẹ́ mira kí ọmọ náà má baà jí.

Ní Ìbàfò, kò sí eérú gidi mọ́. Sùwéébátù lọ sí Ìfọ̀, sí oko àwọn ẹbí rẹ̀, ó fi orí ru èèpo kókó wá sí gárééjì. Ọṣẹ tó sè fún Hàfísátù yàtọ̀ sí èyí tó ń tà. Ó dín omi eérú rẹ̀ kù, ó jẹ́ kí àdí pọ̀ nínú rẹ̀. Nígbà tó tutù, ó po òrí àti oyin mọ́ ọn, ó sì fi í sílẹ̀ títí tó fi rọ̀ dáadáa, kó má baà ta egbò. Ó kọ́kọ́ fi wẹ apá ara rẹ̀ láti mọ̀ bóyá kò ní ta á. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í wẹ Hàfísátù.

Láràárọ̀, á gbé omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sí ẹ̀yìnkùlé, á jókòó rẹ̀ sórí àpótí. Kò lo kànìnkànìn. Á fi omi ho ọṣẹ náà lọ́wọ́, á fi ìfófòó rẹ̀ nìkan pa awọ náà, pẹ̀lú ọwọ́ líle tó ń fi pamọ́ fún ọkọ rẹ̀. Ní àkọ́kọ́, Hàfísátù máa ń gbọ̀n kí ọwọ́ tó kàn án. Nígbà tó yá, kò gbọ̀n mọ́.

Lọ́jọ́ kan, wọ́n wà níbẹ̀, Hàfísátù ní, "Ìyáálé, ṣé ẹ mọ̀ pé dúdú ni mí?"

"Mo mọ̀. Láti ọjọ́ tó o wọlé ni mo ti mọ̀."

"Ìdí ìkòkò ni wọ́n ń pè mí nílé àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Àwọn ọmọ wọn pupa. Bí wọ́n bá bu omi fún mi mu, wọ́n á ní kí n má fọwọ́ kan ife, kó má baà dúdú." Ó fọwọ́ nu omi kúrò létí. "Ẹnì kan fẹ́ fẹ́ mi ṣáájú Bàbá Ṣàràfá. Ó wá rí ẹnì kan tó pupa. Ìgbà yẹn ni mo ra àkọ́kọ́."

Sùwéébátù ń wẹ ẹ̀yìn rẹ̀. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀ ọjọ́ tí ó ní ọṣẹ ti tán. Ó bu omi, ó fi ṣan ọmọ náà lẹ́yìn, ó ní, "Tẹ orí sílẹ̀, kó má baà wọ̀ ọ́ lójú."

Ara náà bẹ̀rẹ̀ sí í sàn. Yíyún dáwọ́ dúró. Egbò jiná, awọ tó ń bó dáwọ́ dúró, àwọn ojú dúdú àti ojú pupa bẹ̀rẹ̀ sí í wọnú ara wọn. Ṣáájú kí ọyẹ́ tó dé, Hàfísátù ti ń padà sí àwọ̀ tí wọ́n bí mọ́ ọn, dúdú tó mọ́, tó ń dán. Ó na apá rẹ̀ sí oòrùn, ó yí i síwá sẹ́yìn, ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ wò ó, Ìyáálé. Bí mo ṣe rí nígbà tí mo wà lọ́mọdé nìyí."

Àwọn obìnrin tó wá kí i ń ya ẹnu. Wọ́n ń bi Sùwéébátù pé irú ọṣẹ wo ni. Wọ́n ní aláìsàn ti gbádùn, pé kí wọ́n má sọ̀rọ̀ ọsibítù mọ́. Sùwéébátù ń fún wọn lọ́ṣẹ, ṣùgbọ́n kò bá wọn yọ̀. Òun ló ń gbé ẹsẹ̀ Hàfísátù sórí àpótí láàárọ̀, ó sì mọ bí ẹsẹ̀ náà ṣe ń wúwo sí i. Òun ló ń gbọ́ èémí rẹ̀ tó ń kúrú. "Ọṣẹ kì í wẹ inú," ló sọ fún obìnrin kan tó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run sókè. Obìnrin náà rò pé ìlara ló ń sọ̀rọ̀.

Nígbà tí Mùtàlíbù dé, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó wo ìyàwó rẹ̀ bí ẹni ń wo àlejò. Kò rí i ní àwọ̀ yìí rí. Ó jókòó tì í, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú títí ilẹ̀ fi ṣú. Nígbà tó jáde, ó bá Sùwéébátù lẹ́yìnkùlé.

"N kò sọ fún un pé kó bóra," ló wí.

"Ẹ̀yin lẹ ń rà á, Bàbá Ṣàràfá."

Ó ṣí ẹnu bí ẹni fẹ́ bínú, ìbínú náà kò wá. Ó jókòó sórí àpótí tí Hàfísátù máa ń jókòó lé, ó gbé orí sọ́wọ́. Sùwéébátù kò ní ọ̀rọ̀ ìtùnú kankan fún un, torí òun náà kò rí fún ara rẹ̀.

Hàfísátù kú nínú ọyẹ́, láàárọ̀, kí wọ́n tó gbé omi rẹ̀ kaná. Wọ́n ti padà gbé e lọ sí ọsibítù kó tó di ọjọ́ náà, wọ́n sì ti sọ fún wọn pé kò sí ohun tó kù láti ṣe. Àwọn obìnrin tó wẹ̀ ẹ́ fún ìsìnkú jáde sọ pé àwọn kò rí òkú tí awọ rẹ̀ dára bẹ́ẹ̀ rí, pé ara rẹ̀ ń dán bíi ti ọmọ tuntun. Wọ́n rò pé ọ̀rọ̀ ìtùnú ni. Sùwéébátù gbọ́ ọ, ó dìde láàárín àwọn tó jókòó, ó lọ sí ẹ̀yìn ilé. Ibẹ̀ ló ti sunkún.

Ọmọ́títí wá láti Akútè. Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ, nígbà tí àwọn èrò ti túká, Sùwéébátù wọlé tọ̀ ọ́, ó kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọjọ́ orí wọn kò jìnnà síra.

"Mo ní ohun kan láti sọ fún yín, Ìyá Hàfísátù. Nígbà tí ara rẹ̀ kọ́kọ́ bàjẹ́, ó wá tọrọ ọṣẹ lọ́wọ́ mi. Mo ní ó ti tán. Kò tán."

Ọmọ́títí ń ká aṣọ ọmọ rẹ̀. Kò dáwọ́ dúró.

"Mo mọ̀," ló wí. "Ó sọ fún mi nígbà tó wá sílé ọdún. Ó ní òun rí agbọ̀n lẹ́yìn yín, tí ewé bò ó."

Sùwéébátù wolẹ̀. Gbogbo àárọ̀ tí wọ́n jọ lò lẹ́yìnkùlé, gbogbo ìgbà tí ọmọ náà tẹrí sílẹ̀ kó wẹ̀ ẹ́, ó ti mọ̀.

"Ó ní bí òun bá wà ní ipò yín, òun náà lè má fún yín," ni Ọmọ́títí tún wí.

"Ṣé ó dárí jì mí?"

Ọmọ́títí ká ìró kan tán, ó gbé e lé orí èkejì. "N kò mọ̀. Kò sọ ìyẹn fún mi. Bó bá sọ ọ́ ni, ǹ bá sọ fún yín." Ó fi ọwọ́ kan èjìká Sùwéébátù, kò pẹ́ níbẹ̀, ó sì kó àwọn aṣọ náà sínú báàgì. Lọ́jọ́ kejì, ó padà sí Akútè. Wọn kò ríra mọ́.

Nígbà tí iṣẹ́ ọ̀nà parí, ilé-iṣẹ́ àwọn òyìnbó kó lọ sí òkè Ọya, Mùtàlíbù sì tẹ̀ lé wọn. Ó ní bí òun bá ti rí ilé, òun yóò ránṣẹ́. Ó kọ́kọ́ ń fi owó oúnjẹ rán àwọn awakọ̀ sí ìyá rẹ̀. Nígbà tó yá, ẹnì kan tó ti Kàdúná bọ̀ sọ pé ó ti fẹ́ ìyàwó níbẹ̀, pé ara rẹ̀ le. Wọ́n ṣí ọ̀nà náà, mọ́tò sì ń sáré kọjá ní Ìbàfò láìdúró. Sùwéébátù tọ́jú Ìyá Àgbà títí arúgbó náà fi kú, ó ń wẹ̀ ẹ́, ó ń fún un lóúnjẹ. Lẹ́yìn òkú rẹ̀, kò rí ohun tó tún ń ṣe ní Ìbàfò mọ́. Ó kó ìkòkò rẹ̀, ó padà sí ilé bàbá rẹ̀ ní Ìfọ̀.

Ó ń se ọṣẹ níbẹ̀, ó sì ń tà á nítòsí ibùdókọ̀ ojú irin. Bí ẹni tí ara rẹ̀ bàjẹ́ bá dé, ì báà ní owó, ì báà má ní, kì í lọ lọ́wọ́ òfo. Ó sì máa ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá rà á pé kì í mú ara pupa, kì í sì í wo ohun tó wà nínú. Àwọn mìíràn máa ń ní ọlọ́jà wo ló ń ba ọjà ara rẹ̀ jẹ́ báyìí.

Lẹ́yìn ọdún mélòó kan níbẹ̀, ọmọge kan tí wọ́n fẹ́ gbé níyàwó wá dúró níwájú àtẹ rẹ̀. Ó dúdú, ó dára, eyín rẹ̀ funfun.

"Ẹ káàsán, Mà. Ṣé ẹ ní èyí tó ń mú èèyàn tàn díẹ̀? Ìgbéyàwó mi ti sún mọ́."

Sùwéébátù ní kó jókòó. Ó sọ ìtàn Hàfísátù fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kò sì yọ ti agbọ̀n kúrò. Ọmọ náà fetí sílẹ̀ dáadáa, omi tilẹ̀ lé sí i lójú. Ó gba ọṣẹ tí Sùwéébátù wé fún un, ó kúnlẹ̀ dúpẹ́, ó sì dìde.

Ó sọdá títì lọ sí ìsọ̀ tó wà ní òdìkejì, níbi tí wọ́n to ọṣẹ aláwòrán sí ojú fèrèsé. Ó pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tó jáde, ó ti ki nǹkan sábẹ́ ìborùn rẹ̀, kò sì wo apá ọ̀dọ̀ àtẹ náà mọ́. Sùwéébátù ń wò ó lọ títí ó fi yà sí ọ̀nà ọjà. Lẹ́yìn náà, oníbàárà mìíràn kí i, ó sì yíjú sí ìyẹn láti dá a lóhùn.